Ara Ti Fúyẹ́ Tán, Kí Ló Kù? Bí A Ṣe Ń Wá Ìwọ̀n Oúnjẹ Tí Kò Ní Jẹ́ Kí Ara Wúwo Padà

Púpọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ bí a ṣe ń dín ara kù. A ó fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀, a ó sá fún búrẹ́dì, a ó máa fẹsẹ̀ rìn láti géètì dé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, títí aṣọ tó ti kọ̀ láti wọlé yóò fi tún wọlé. Ohun tí wọn kì í sábà kọ́ wa ni ohun tó yẹ ká ṣe lẹ́yìn ọjọ́ tí a bá dé orí ìwọ̀n tí à ń wá. Ṣé ká máa bá ebi lọ ni, àbí ká padà sí abọ́ wa àtijọ́? Méjèèjì kò dára. Ẹni tó ń bá ebi lọ, yóò rẹ̀ ẹ́, kò sì ní lè kàwé. Ẹni tó padà sí abọ́ àtijọ́, ara àtijọ́ náà yóò padà wá bá a, yóò wá dà bí ẹni tó ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú àlàyé yìí: iye oúnjẹ tí yóò dá ara yín dúró sójú kan kò sí lórí fóònù, kò sì sí nínú ìwé. Ìṣirò lè fi ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ hàn yín. Òṣùwọ̀n tí ẹ̀ ń gùn láàárọ̀, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ni yóò sọ iye náà gan-an.

Kí ni kálórì?

Kálórì ni a fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ, bí a ṣe ń fi lítà wọn bẹntiróò. Gíráàmù kan oúnjẹ afáralókun, bí isu tàbí gàrí, ní bíi kálórì 4 nígbà tí a bá ti yọ omi inú rẹ̀ kúrò. Amáradàgbà, bí ẹja àti ẹ̀wà, náà ní 4. Ọ̀rá àti epo ní 9. Ìdí nìyí tí 100 gíráàmù isu sísè fi ní bíi kálórì 115 péré, nítorí omi pọ̀ nínú rẹ̀, tí 100 gíráàmù gàrí gbígbẹ sì ní bíi 350. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo pupa tàbí òróró ní bíi 120.

Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀. A máa ń dá iyán lẹ́bi, a kì í bi ọbẹ̀ léèrè. Ṣíbí epo mẹ́rin nínú ẹ̀fọ́ rírò ju 400 gíráàmù iyán lọ ní kálórì.

Ìdí tí abọ́ àtijọ́ kò fi bá ara tuntun mu

Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà, ọmọ Ìpógun ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́, tó ń kàwé ní Oǹdó. Ọmọ ọdún 22 ni, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 165. Kílò 82 ló wọ̀n tẹ́lẹ̀, ó ti wá di 67.

Ìṣirò kan wà tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 1990, tí a ń pè ní Mifflin-St Jeor. Ó máa ń sọ iye kálórì tí ara ń lò bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ láìṣe nǹkan kan. Fún obìnrin, ẹ fi 10 sọ ìwọ̀n kílò di púpọ̀, ẹ fi 6.25 sọ gíga di púpọ̀, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọjọ́ orí di ìlọ́po márùn-ún, kí ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ tún yọ 161. Fún ọkùnrin, ẹ má yọ 161. Ẹ fi 5 kún un ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi bíi 1.5 sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí ìrìn àti iṣẹ́ ojoojúmọ́ ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ agbára púpọ̀.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa wọn kílò 82, èsì ìṣirò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kálórì 2,370 lóòjọ́. Ní kílò 67, ó di 2,145. Kò sí àrà kankan níbẹ̀: ara tó kéré ń jẹ epo díẹ̀, bí ọ̀kadà ṣe ń jẹ epo ju kẹ̀kẹ́ ológeere lọ, tí bọ́ọ̀sì sì ń jẹ ju ọ̀kadà lọ. Bó bá padà sí 2,370, kálórì 225 ni yóò máa ṣẹ́kù lójúmọ́, ara yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ sí ọ̀rá.

Ọ̀rọ̀ kò tún parí síbẹ̀. Ara kò mọ̀ pé ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wa la fẹ́ wọ aṣọ lọ. Ìyàn ló rò pé ó mú. Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ agbára ná ju bí ìṣirò ṣe sọ lọ. Ní Amẹ́ríkà, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún wọn 14 nínú àwọn tó díje nínú ètò tẹlifíṣọ̀n The Biggest Loser ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìdíje náà. Èsì wọn jáde ní 2016: púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ nù ti padà, síbẹ̀ ara wọn ṣì ń lo bíi kálórì 500 lóòjọ́ dín sí iye tí a retí. Ìyẹn jẹ́ ti àwọn tó fi ipá dín ara kù gan-an. Tiwa kì í sábà tó bẹ́ẹ̀. Ní Melbourne ní Ọsirélíà, ìwádìí tó jáde ní 2011 fi hàn pé àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pe ebi kò tíì padà sí ipò wọn lẹ́yìn ọdún kan tí àwọn ènìyàn ti dín ara kù. Nítorí náà, bí ebi bá ń pa yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má pe ara yín ní ọ̀jẹun. Ara ló ń pe ohun tó sọ nù.

Ẹ̀kọ́ tó ti Ìgbó-Ọrà wá

Ẹnìkan lè sọ pé, "Èmi kò ní ka kálórì kankan, màá kàn máa rìn dáadáa ni." Ó ṣe tán, ṣebí àwọn ìyá wa lóko máa ń jẹ iyán, wọn kì í sì í sanra? Ìwádìí kan tó súnmọ́ wa dáhùn ìbéèrè yìí. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Loyola ní Chicago, tí Amy Luke wà lára wọn, àti àwọn ti Yunifásítì Ìbàdàn fi àwọn obìnrin ìgbèríko Ìgbó-Ọrà àti Ìdèrè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wé àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Maywood, lẹ́bàá Chicago. Wọ́n fún wọn ní omi tí a fi àmì sí mu, wọ́n sì ń yẹ ìtọ̀ wọn wò lẹ́yìn náà. Bí àmì náà ṣe ń kúrò lára ló ń sọ iye agbára tí ènìyàn lò láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Àwọn obìnrin Maywood sanra ju tiwa lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣírò ìtóbi ara mọ́ ọn, agbára tí àwọn méjèèjì ń fi ìrìn àti iṣẹ́ lò kò yàtọ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2009 tún fi hàn pé iye agbára tí obìnrin kan ń lò kò sọ bóyá yóò sanra sí i tàbí kò ní sanra. Ìrìn dára fún ọkàn, fún iṣan àti fún oorun. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ní kó san gbèsè tí abọ́ jẹ.

Bí a ṣe ń wá iye náà

Àkọ́kọ́, ẹ lo àkọsílẹ̀ yín. Kílò kan ọ̀rá ara tó bíi kálórì 7,700. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa ń jẹ 1,500 lóòjọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó sì ń sọ ìdajì kílò nù lọ́sẹ̀. Ìdajì kílò jẹ́ 3,850. Bí a bá pín in sí ọjọ́ méje, ó jẹ́ 550. Ẹ fi 550 kún 1,500, ó di 2,050. Ìṣirò ìwé sọ 2,145. Ara rẹ̀ sọ 2,050. Ara rẹ̀ ni kó gbọ́. Kódà bí kò bá kọ gbogbo ohun tó jẹ sílẹ̀ dáadáa, bó bá ṣáà ń fi ọ̀nà kan náà kọ ọ́ lọ, àṣìṣe inú rẹ̀ kò ní yí ọ̀nà padà.

Èkejì, ẹ gbé oúnjẹ sókè, kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń fi kún un. 550 yìí kì í ṣe abọ́ iyán kejì pẹ̀lú ẹran mẹ́ta. Bíi 200 gíráàmù isu, ẹyin kan àti ṣíbí epo méjì ni, tí a pín ká ọjọ́ kan.

Ẹ̀kẹta, ẹ wọn ara yín láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe gáà tán, kí ẹ tó jẹun, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ti kẹ́mísìtì lẹ̀ ń lò, ẹ máa lo ọ̀kan náà, ní àkókò kan náà. Ẹ ro àwọn iye náà pọ̀, kí ẹ pín in. Iye ọjọ́ kan kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ka ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń sá padà. Nígbà tí a dín oúnjẹ kù, ara ná ṣúgà tó kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, omi tó bá a rìn sì bá a lọ. Bí a bá tún ń jẹun, ṣúgà àti omi náà á padà. Gíráàmù ṣúgà kan ń mú bíi gíráàmù omi mẹ́ta dání. Òṣùwọ̀n lè fi kílò kan tàbí méjì gòkè láàárín ọjọ́ mélòó kan. Omi ni, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò kígbe, yóò padà sínú ebi, tàbí kó ní "ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn" kó jẹ gbogbo ìkòkò.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi ti ọ̀sẹ̀ kejì wé ti ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó wà láàárín wọn ṣe pàtàkì fún àwọn obìnrin, nítorí omi máa ń pọ̀ lára bí nǹkan oṣù bá ń bọ̀. Bí ìyàtọ̀ kò bá tó ìdajì kílò, ẹ ti rí iye yín. Bó bá gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ 100 sí 150 lóòjọ́. Bó bá wálẹ̀, ẹ fi iye bẹ́ẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní àkókò kan sí i.

Nígbà tí a bá lọ sílé

Ara kì í ti ìwé ìṣirò rẹ̀ ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan. 2,050 lójúmọ́ jẹ́ 14,350 lọ́sẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa bá jẹ 1,900 ní ọjọ́ márùn-ún tó lò ní Oǹdó, yóò ku 4,850 fún Sátidé àti Sọ́ńdè ní Ìpógun, ìyẹn ju 2,400 lọ lóòjọ́. Àyè wà fún iyán ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Bí ìyá bá sì ní, "Ọmọ mi, o ti rù jù," kò sí ìdí fún àríyànjiyàn: "Ẹ ṣé mà. Ẹ bá mi bu iyán díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀." Ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà máa ń mú ikùn kún láìfi kálórì púpọ̀ kún un, bí epo kò bá ti pọ̀.

Ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n oúnjẹ lè fi ife kan náà wọn gàrí tàbí ìrẹsì nígbà gbogbo, kó sì máa fi ṣíbí ka epo dípò kó máa dà á láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì.

Ta ni kò gbọdọ̀ dá a ṣe?

Aboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, àti ẹni tí ìwọ̀n ara rẹ̀ ti kéré jù. Fún ẹni tó ga ní 165, ibi tó ti kéré jù bẹ̀rẹ̀ láti bíi kílò 50 sísàlẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ń fi ìka fa èébì lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró láti ìgbà tó ti ń dín oúnjẹ kù. Àwọn wọ̀nyí nílò dókítà. Ilé ìwòsàn UNIMED wà ní Oǹdó, ilé ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nínú ọgbà.

Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, iye tí ẹ bá rí kì í ṣe òfin tí kò lè yí. Bí ẹ bá parí ẹ̀kọ́ tí ẹ sì ń jókòó sí ọ́fíìsì, tàbí tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ oko, yóò yàtọ̀. Ẹ mú kílò méjì sókè, méjì sísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ààlà. Bí ara bá kọjá ààlà náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ tún ṣí àkọsílẹ̀ yín. Bó bá wà láàárín rẹ̀, ẹ jẹun yín, kí ẹ sì kọjú sí ìwé.