Ta ló ní obìnrin tó dá wá kò lè gba yàrá?

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, àbúrò mi obìnrin pè mí láti Ẹ̀pẹ́. Ìkòròdú ló ti gbéra, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá a dúró lọ́nà Ìtóìkín, ilẹ̀ sì ti ṣú kó tó débẹ̀. Ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń lọ lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ nǹkan o. Wọ́n ní àwọn kì í gba obìnrin tó bá dá wá."

Ilé ìtura kékeré kan ni, kò jìnnà sí àárín ìlú àtijọ́. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, káàdì ìdánimọ̀ wà, yàrá náà sì wà. Níṣojú rẹ̀, ọkùnrin kan dá wọlé, wọ́n gbowó, wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó bi í pé ìyàwó rẹ̀ dà.

Pé Ẹ̀pẹ́ ni èyí ti ṣẹlẹ̀ ló dùn mí jù. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó lọ́dún 1851, Ẹ̀pẹ́ lòun àtàwọn èèyàn rẹ̀ wá tẹ̀dó sí. Ọdún 1862 ló tó padà sílé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀ kò bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ní Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Ìlú tó gba àlejò tó pọ̀ tó yẹn!

Èkó náà ti rí irú ẹ̀ rí. Lọ́dún 1947, Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sàró, dé òtẹ́ẹ̀lì Bristol ní òpópónà Martins. Wọ́n ti bá a gba yàrá sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé èèyàn dúdú ni, wọ́n kọ̀ ọ́. Èkó gbaná. Àwọn oníwèé ìròyìn àti olóṣèlú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù, àfìgbà tí Gómìnà Arthur Richards pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ ni Learie Constantine, ògbóǹtarìgì eléré kíríkẹ́ẹ̀tì láti Trinidad, gbà lọ. Òtẹ́ẹ̀lì Imperial kò jẹ́ kóun àti ìdílé rẹ̀ lo ọjọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́dún 1943. Lọ́dún 1944, adájọ́ dá a láre. Gíní 5 péré ni wọ́n ní kí wọ́n san fún un, ṣùgbọ́n ìdájọ́ náà ni wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwa tá a kà nípa òfin.

Ohun tí òfin àtijọ́ yẹn, tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, sọ kò le: bí arìnrìn-àjò bá wá, tí yàrá wà, tó lówó, tí kò sì hùwà jàǹdùkú, onílé ìtura gbọ́dọ̀ gbà á, àfi tó bá ní ìdí gidi. Abala 42 nínú ìwé òfin 1999 náà kọ ìyàsọ́tọ̀ nítorí pé èèyàn jẹ́ obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin àti ìṣe ìjọba ló dojú kọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní òfin àtijọ́ yẹn kì í ṣe ohun tó yẹ ká gbàgbé.

Mo mọ ohun táwọn onílé ìtura máa sọ. Wọ́n ń bẹ̀rù aṣẹ́wó, ọlọ́pàá àti àwọn tó ń pa ọmọbìnrin sínú yàrá. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Tó bá jẹ́ ààbò lẹ ń wá, ẹ wo káàdì gbogbo àlejò, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ fi kámẹ́rà sí ẹnu ọ̀nà. Àbí ọmọbìnrin tí ẹ lé síta lóru ló máa wà láàbò?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má kàn bínú lọ. Ẹ béèrè ìdí, ẹ kọ ọjọ́, aago àti ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí ẹ sì fẹjọ́ sun àjọ FCCPC, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Aago mọ́kànlá kọjá kí àwọn ará ilé ìyàwó tó wá gbé àbúrò mi. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ti dúró dè wọ́n.