Ṣọ́jà Tó Kú Sójú Ogun, Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Orúkọ Rẹ̀

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdọọdún, ẹ máa ń rí àwọn èèyàn ńláńlá tí wọ́n lẹ òdòdó pupa kékeré mọ́ àyà aṣọ wọn. Ààrẹ á gbé òdòdó lọ sí ìdí ọwọ̀n ìrántí ní Àbújá, gómìnà kọ̀ọ̀kan á ṣe bẹ́ẹ̀ ní olú-ìlú tirẹ̀. Àwọn ṣọ́jà á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, fèrè arò á dún bí ẹkún, gbogbo èèyàn á dákẹ́ rọ́rọ́, ìbọn ńlá á ró, wọn á sì tú ẹyẹlé sílẹ̀ pé kí ó fò lọ ní àmì àlàáfíà. Nígbà mìíràn ẹyẹlé a máa kọ̀, a jókòó sórí àgò rẹ̀ bí ẹni pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n wí, àwọn oníròyìn á sì fi ọ̀rọ̀ ẹyẹlé kún ojú ìwé ju ọ̀rọ̀ òkú lọ. Ìyẹn a máa bí mi nínú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ọjọ́ náà ti wá, nítorí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa béèrè lọ́wọ́ wa. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, dákẹ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 1918. Ọjọ́ yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń rántí òkú wọn, òun náà ni àwa ń lò nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso wa àti fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Nígbà tí ogun abẹ́lé tiwa wá parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní 1970, ìjọba gbé ìrántí náà wá sí ọjọ́ yẹn. Ní ti òdòdó pupa, irú èyí tó ń hù lójú ogun ní ilẹ̀ Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù ni. Láti 1921 ni wọ́n ti ń ta àfarawé rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi rówó ran àwọn tó ti ogun bọ̀ lọ́wọ́. Tiwa náà, bí wọ́n bá gbé e wá sí ìsọ̀ yín, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Àwọn ṣọ́jà àtijọ́, àwọn opó àti àwọn ọmọ òrukàn ni wọ́n ń torí wọn kó owó náà jọ.

Mo máa ń rà á, n kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí òdòdó kò lè ṣe, òun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni.

Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọn kò sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà títí di 1886, kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé òkú jagunjagun ti ojú ogun wá sílé. Kí ni àwọn baba wa ṣe? Ẹni tó bá kú sọ́nà jíjìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gé nínú irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọn á dì í, wọn á gbé e lọ fún àwọn ẹbí. Ìyẹn ni ẹbí á sin bí ẹni sin odidi èèyàn. Wọn á sunkún, wọn á ki oríkì rẹ̀, ìyàwó á ṣe opó, ẹni tí yóò tọ́ àwọn ọmọ á sì mọ̀ pé òun ni. Ẹ kíyè sí i o: kì í ṣe òkú nìkan ni wọ́n fi irun àti èékánná yẹn bọlá fún. Òun ni ẹ̀rí pé lágbájá kú lóòótọ́. Bí ẹ̀rí kò bá dé, ìyàwó kò mọ̀ bóyá opó ni òun tàbí adélébọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè pín ohun tí ọkùnrin náà fi sílẹ̀.

Lóde òní, orúkọ tí a kọ sínú ìwé ni irun àti èékánná ṣọ́jà. Bí ó bá sọnù, nǹkan méjì ló sọnù pọ̀: ọlá òkú, àti oúnjẹ ọmọ rẹ̀.

Ó sì ti sọnù rí. Nínú ogun 1914 sí 1918, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa jà ní Kamẹrúùnù, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tànsáníà nísinsìnyí, níbi tí ìjà Mahiwa ti gbóná ní oṣù Kẹwàá 1917. Àwọn alárù tó ń ru ọta àti oúnjẹ lórí tẹ̀lé wọn, àìsàn àti ìyà sì pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ orúkọ? Ọkùnrin kan á dúró níwájú akọ̀wé. Wọn á bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀, á ní Òjó. Wọn á bi í pé níbo lo ti wá, á ní Ìbàdàn. Ó parí: Òjó Ìbàdàn ló di orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ogun. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, Òjó mélòó ló wà ní agbo ilé kan ṣoṣo ní Òjé? Ta ni yóò wá Òjó yẹn rí, kí ó tó mọ ìyá rẹ̀ tí yóò gba owó rẹ̀? Alárù tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ni orúkọ wọn kò dé ara òkúta kankan.

N kò gbọ́ èyí lẹ́nu àgbà lásán. Àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, Commonwealth War Graves Commission, ló fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn jáde ní oṣù Kẹrin 2021. Wọ́n ní nínú àwọn tó kú nínú ogun àkọ́kọ́ àti nítorí rẹ̀, tí púpọ̀ wọn jẹ́ ará Áfíríkà àti àwọn ilẹ̀ Lárúbáwá, ó kéré tán 116,000 ni wọn kò fi orúkọ wọn ṣe ìrántí, ó sì ṣeé ṣe kí ó tó 350,000. Mínísítà ètò ààbò wọn dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó tọrọ àforíjì. Ìdí tí àwọn aláṣẹ àtijọ́ fi ṣe bẹ́ẹ̀ ló dùn mí jù. Àwọn kan nínú wọn rò pé èèyàn dúdú kò ní mọ ìtumọ̀ òkúta tí a kọ orúkọ sí. Àwa tí a ń ki baba ńlá wa ní orúkọ, ní oríkì, ní orílẹ̀!

Nígbà ogun Hitler, àkọsílẹ̀ sàn díẹ̀. Bíi 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló lọ jagun ní Bọ́má, ọmọ Nàìjíríà sì ju ìdajì wọn lọ. Ọgbà ibojì ńlá kan wà ní Taukkyan, lẹ́bàá ìlú Yangon, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn èèyàn bíi 27,000 sí ara òpó òkúta rẹ̀, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí òkú wọn sùn sí. Orúkọ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀.

Isaac Fadoyebo ni ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ìbá wọ irú ibẹ̀ bí kò bá sí ojú àánú Ọlọ́run. Ọmọ Emùré-Ilé ni, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ṣọ́jà ní 1942, wọ́n sì fi í sí ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáànì yọ sí wọn lójijì lẹ́bàá odò Kaladan, ìbọn ba ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ikùn rẹ̀. Òun àti ará Sàró kan tó ń jẹ́ David Kargbo ni wọ́n jọ kù sínú igbó. Àgbẹ̀ kan níbẹ̀, Shuyiman, mùsùlùmí ni, ló fún wọn lóúnjẹ tó sì fi wọ́n pamọ́ sílé rẹ̀, bó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àwọn Jàpáànì bá rí wọn, òun àti aya àti ọmọ ni yóò kú. Ó tó bíi oṣù mẹ́sàn-án kí ogun Gẹ̀ẹ́sì tó padà dé ibẹ̀. Isaac padà wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ títiro, ó sì wà láyé títí di 2012. Ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips gbé lẹ́tà rẹ̀ lọ sí Bọ́má, ó sì rí àwọn ọmọ àgbẹ̀ náà. Ẹ wò ó, láàárín oṣù mẹ́sàn-án yẹn, ta ló lè sọ fún àwọn òbí rẹ̀ ní Emùré bóyá kí wọ́n sunkún ni tàbí kí wọ́n dúró?

Ìbéèrè yẹn kò tíì tán nílẹ̀. Láti 2009 ni ogun Bòkó Hàráámù ti ń pa ṣọ́jà wa ní ìhà Àríwá-Ìlà-Oòrùn, ọmọ Yorùbá sì wà nínú wọn. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn wà ní kíláàsì mi. Ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ lọ́jà, n kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí òun ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọṣẹ́ ológun, àpọ́n ni. Wọ́n ní kí ó kọ orúkọ ẹni tí yóò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ bí ikú bá dé, ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ó gbéyàwó, ó bí ọmọ mẹ́ta, kò ranti pààrọ̀ orúkọ yẹn. Ẹ̀gbọ́n kú. Lẹ́yìn náà òun náà kú ní Bọ̀rọ̀nú. Òkú wá ni ìwé ń nawọ́ sí pé kí ó wá gba owó òkú.

Èyí nìkan kọ́. Ìwé iṣẹ́ rẹ̀ fi orúkọ baba síwájú, ìwé ìbí àwọn ọmọ fi orúkọ tirẹ̀ síwájú, lẹ́tà kan sì dín nínú èkejì. Ọ́fíìsì kan tí obìnrin náà lọ ní kí ó lọ tún un ṣe. Ó tún un ṣe, wọ́n ní kì í ṣe ibẹ̀. Oṣù 14 ló fi ń wọkọ̀ lọ tó ń wọkọ̀ bọ̀. Bárékè sì ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, ilé ìjọba, opó kò lè pẹ́ níbẹ̀, ó kó ẹrù jáde. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé, “Tíṣà, ọjọ́ tí wọ́n sin ín, wọ́n ká àsíá wọ́n fún mi, wọ́n yìnbọn, ọ̀gá ṣọ́jà kan kí mi bí ẹni kí ọba. Lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi mọ́.”

Kí ló yọ ọ́? Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta èlùbọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dìde. Wọ́n fún un lọ́jà àwìn láìgba èlé, wọ́n sì jẹ́ kí ó kó àjọ ṣáájú gbogbo wọn ní oṣù tí owó ilé-ẹ̀kọ́ wọlé. Ọ̀gá wa gbà kí ó máa san owó náà díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ka gbogbo ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí n fi gègé pupa fa ìlà sí ibi tí orúkọ kò ti bára mu, bí ẹni ń máàkì ìwé ọmọ. A gba ìwé ìbúra ní kóòtù lórí orúkọ náà, agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ ọmọ ìyá ọlọ́jà bá wa gba ìwé àṣẹ kóòtù pé obìnrin yìí lè bójú tó ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Mo mọ̀ pé a kì í fẹ́ fẹnu pe ikú nílé wa. Ìyá tó ń sin ọmọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ ológun, àdúrà ló ń gbà, kò ní jókòó bi í pé, “Bí o bá kú, ta ni?” Ṣùgbọ́n ẹ lè bi í lọ́nà mìíràn. Ẹ ní, “Orúkọ ta lo kọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, báwo lo sì ṣe kọ ọ́?” Bí ó bá gbéyàwó, ẹ tún un bi. Bí ọmọ bá dé, ẹ bi í lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyàwó méjì tilẹ̀ ni wàhálà tirẹ̀, n kò fẹ́ wọ inú ìyẹn lónìí, àfi kí n sọ pé mo ti rí ibi tí ìyàwó àti ìyáálé ti bára wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú tábìlì akọ̀wé. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí ẹ bá ń kọ orúkọ ọmọ ṣọ́jà sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe kọ orúkọ baba níbi iṣẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yàtọ̀ lè gba ọdún kan lọ́wọ́ opó.

Ní ọdún tó kọjá, mo rán àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sílé pé kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀ bóyá ẹnì kan lọ sógun rí láti ilé wọn tí kò bọ̀. Mo rò pé wọn yóò mú orúkọ méjì tàbí mẹ́ta wá. Orúkọ 17 ni wọ́n kó dé, ti Bọ́má, ti ogun abẹ́lé, títí dé ti Làìbéríà. Ìyá àgbà kan fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ rán irin ẹ̀yẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí mi, tí a dì sínú àkísà àdìrẹ. Mo yí i síwá, mo yí i sẹ́yìn, kò sí orúkọ lára irin náà. Orí ni ìyá náà fi mọ̀ ọ́n. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ti baba rẹ̀, àti oríkì tí ìyá wọn fi ń pè é, ọmọ náà sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A tò wọ́n sórí pátákó ìwé kan, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa, ọmọ ẹgbẹ́ Legion tó ja ogun abẹ́lé, wọlé wá kà á. Ó bọ́ fìlà, ó bi mí bóyá àyè ṣì wà, ó sì pe orúkọ mẹ́ta fún mi, ó ń sọ lẹ́tà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.