Ilé Ẹ̀kọ́ Girama Nínú Ọgbà Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Irú ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà ní Amẹ́ríkà tí kò ní ọgbà tirẹ̀. Inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí ti yunifásítì ló fìdí sọlẹ̀ sí. Ọmọ ọdún 14 tàbí 15 ni àwọn tó ń wọlé síbẹ̀. Géètì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbà wọlé ni àwọn náà ń gbà, yàrá ìkàwé kan náà ni wọ́n jọ ń lò, bó bá sì yá, wọn á jọ máa wọ kíláàsì kan náà. Orúkọ ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé girama, ó sì tún wà nínú ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bó bá yege nínú kóòsì kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọn á kà á mọ́ ohun tó fi ń gba ìwé ẹ̀rí girama, á sì tún di kírẹ́díìtì tó lè gbé lọ sí yunifásítì. Middle College ni wọ́n ń pe àwọn kan nínú ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí, Early College ni wọ́n ń pe àwọn mìíràn. Ní Florida, Collegiate High School ni wọ́n ń pe àwọn kan.

Ọdún mẹ́rin ni girama Amẹ́ríkà, láti kíláàsì kẹsàn-án dé ìkejìlá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá JSS3 dé SS3 tiwa mu. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kírẹ́díìtì ni wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́, kóòsì kan sì sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá kó nǹkan bí 60 jọ lè gba oyè Associate, ìyẹn oyè ọlọ́dún méjì tó fara jọ ND ti politẹ́kíníìkì wa. Dìgírì àkọ́kọ́ ń fẹ́ nǹkan bí 120. Ọmọ tó bá jáde girama pẹ̀lú 60 lọ́wọ́ ti rin ìdajì ọ̀nà dìgírì láìtíì pé ogún ọdún.

Queens, ní ìlú New York, ni ẹ̀ka àkọ́kọ́ ètò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1970, City University of New York ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá ti jáde girama ní ìlú náà. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni LaGuardia Community College bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Long Island City, ní Queens; orúkọ Fiorello La Guardia, ẹni tó jẹ́ olórí ìlú New York láti 1934 títí di 1945, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ilẹ̀kùn ṣí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tó wọlé ni kò gbára dì fún iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọ̀pọ̀ mìíràn kò tilẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn náà rárá, nítorí wọ́n ti pa girama tì lójú ọ̀nà. Janet Lieberman, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní LaGuardia, rí i pé nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá fi máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ó ti pẹ́ jù. Àbá rẹ̀ ni pé kí wọ́n so ọdún ìgbẹ̀yìn girama pọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ọmọ má ṣe ní láti fo kòtò tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ní 1974, Middle College High School ṣí sínú ọgbà LaGuardia. Irú ọmọ tí wọ́n gbà síbẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn dúró wò dáadáa. Wọn kò wá àwọn tó ń gba ipò kìíní. Àwọn ọmọ tí gbogbo àmì fi hàn pé wọn kò ní parí girama ni wọ́n gbà: àwọn tó ń sá ilé ẹ̀kọ́, àwọn tí ìwé ti sú, àwọn tí ìṣòro ilé ń fà sẹ́yìn. Èrò tó gbilẹ̀ nígbà náà, tó sì gbilẹ̀ títí di òní ní ibi púpọ̀, ni pé ọmọ tó mọ̀wé jù lọ ni kí a tètè fi yunifásítì hàn. Lieberman gbà ní tirẹ̀ pé ọmọ tó fẹ́ bọ́ lọ́nà ló nílò jù lọ láti fojú ara rẹ̀ rí ibi tí ọ̀nà náà já sí. Bó bá ń rí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lójoojúmọ́, àwọn tí púpọ̀ nínú wọn ti àdúgbò bíi tirẹ̀ wá, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ jẹun tí wọ́n sì ń kàwé, yóò bẹ̀rẹ̀ sí gbà pé òun náà lè ṣe é. Ọgbà náà fúnra rẹ̀ jẹ́ olùkọ́.

Ọgbà nìkan kò sì tó, Lieberman àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ mọ èyí dájú. Wọ́n fi ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní kékeré kí olùkọ́ lè mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Wọ́n fi olùgbani-nímọ̀ràn sínú iṣẹ́ ojoojúmọ́. Wọ́n ń rán àwọn ọmọ lọ sí ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn àti ilé iṣẹ́ láàárín ìlú láti lọ kọ́ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí LaGuardia ti ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Ní 1985, ilé ẹ̀kọ́ kejì tún ṣí sínú ọgbà kan náà, International High School, fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà láti ilẹ̀ òkèèrè, tí Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Kàkà kí wọ́n kọ́kọ́ dá wọn dúró lórí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún gbọọrọ, inú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ìtàn àti ìṣirò ni wọ́n ti ń kọ́ èdè náà.

Ẹ̀ka kejì ìtàn yìí ti ibòmíràn wá. Elizabeth Blodgett Hall dá Simon's Rock sílẹ̀ ní Great Barrington, ìpínlẹ̀ Massachusetts. 1966 ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé. Ti àwọn tó ti ṣetán fún iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kí wọ́n tó parí girama ni èyí. Ní 1979 ó bọ́ sábẹ́ Bard College, tí Leon Botstein ń darí nígbà náà. Ní 2001, Bard àti ìjọba ìlú New York jọ dá Bard High School Early College sílẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ sì lè gba ìwé ẹ̀rí girama àti oyè Associate pọ̀ láàárín ọdún mẹ́rin. Ilé tirẹ̀ láàárín ìlú ni èyí wà, kò sí nínú ọgbà Bard.

Ọdún 2002 ni ẹ̀ka méjèèjì pàdé. Àjọ Bill àti Melinda Gates, pẹ̀lú àwọn àjọ mìíràn, bẹ̀rẹ̀ sí náwó sórí Early College káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ tó le bíi ti Bard ni wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n fún irú ọmọ tí Lieberman ń wá: ọmọ tálákà, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì nínú ìdílé rẹ̀. North Carolina wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó gba ètò yìí mọ́ra jù. Ó ṣe òfin fún un ní 2003, ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tó wà níbẹ̀ lónìí sì ti lé ní 130, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà nínú ọgbà community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì.

Ọ̀kan lára àwọn tó lókìkí níbẹ̀ ni Early College at Guilford, ní Greensboro, tó ṣí ní 2002 nínú ọgbà Guilford College, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àwọn ẹlẹ́sìn Quaker dá sílẹ̀. Ní kíláàsì kẹsàn-án àti ìkẹwàá, àwọn olùkọ́ girama ló ń kọ́ àwọn ọmọ náà, iṣẹ́ ibẹ̀ sì le. Bí wọ́n bá dé kíláàsì kọkànlá, gbogbo kóòsì wọn di ti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn àti ọmọ ogún ọdún ló jọ ń jókòó, ìdánwò kan náà ni wọ́n jọ ń ṣe. Ní ibòmíràn, kóòsì kan tàbí méjì ni ọmọ ń fi bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì kẹsàn-án, á sì máa pọ̀ sí i lọ́dọọdún. North Carolina tilẹ̀ fàyè gba ọdún karùn-ún kí ọmọ tí kò tíì kó 60 rẹ̀ pé lè parí rẹ̀.

Owó ló sábà máa ń dá irú ètò báyìí dúró, nítorí náà àdéhùn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò àti kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò kọ ọ́ sílẹ̀: ta ni yóò san owó olùkọ́, ta ni yóò ra ìwé, ta ni yóò pèsè bọ́ọ̀sì. Minnesota ti là ọ̀nà kan ní 1985, nígbà tó ṣòfin pé kí owó tí ìjọba ń ná lórí ọmọ girama lè tẹ̀ lé e lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní ọ̀pọ̀ Early College, òbí kì í san owó ilé ẹ̀kọ́ rárá. Bí ẹ bá ro iye gbèsè tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń jẹ nítorí yunifásítì, ẹ ó mọ̀ pé oore ńlá nìyí.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́? Ìdáhùn tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ti ibi ìbò wá. Níwọ̀n bí ọmọ tó ń fẹ́ wọlé ti ń pọ̀ ju ààyè lọ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń ṣẹ́ ìbò, bí ẹni ṣẹ́ kèké, láti mọ ẹni tí wọn yóò gbà. Àwọn olùwádìí American Institutes for Research wá fi àwọn tí ìbò mú wé àwọn tí kò mú. Gbogbo wọn ló kúkú fẹ́ wọlé. Ìwádìí náà jáde ní 2013. Nínú àwọn tí ìbò mú, ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún parí girama, ó jẹ́ 81 nínú àwọn yòókù. Ìdá 80 wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, 71 níhà kejì. Ní àsìkò ìwádìí náà, ìdá 22 ti gba oyè kan, ṣùgbọ́n ìdá 2 péré ni nínú àwọn tí ìbò kò mú. A mọ̀ pé inú girama ni ọ̀pọ̀ ti gba oyè náà, èyí sì fi kún àlàfo tó wà láàárín 22 àti 2. Síbẹ̀, ọmọ tí oyè ti bọ́ sí lọ́wọ́ kò sí lọ́gba pẹ̀lú ẹni tó ń retí.

Ewu wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ síta. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń gba gbogbo kírẹ́díìtì. Yunifásítì ìjọba ní ìpínlẹ̀ kan náà sábà máa ń gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti aládàáni tàbí ti ìpínlẹ̀ mìíràn lè kọ̀ ọ́, tàbí kí ó gbà á kó má sì wúlò fún ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́. Èkejì wúwo ju èyí lọ: máàkì kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í parẹ́. Bí ọmọ ọdún 15 bá fìdí rẹmi nínú kóòsì kan, àbájáde náà yóò wà nínú ìwé rẹ̀ títí. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi gbogbo máàkì kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ hàn, títí kan èyí tó gbà nígbà tó wà ní girama. Ọ̀pọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ yìí kò sì ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tàbí ẹgbẹ́ olórin, ohun kékeré kọ́ lèyí sì jẹ́ lójú ọmọ tó ṣì kéré.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu. Lábẹ́ òfin FERPA ti 1974, bí ọmọ bá ti di akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀tọ́ lórí àkọsílẹ̀ ibẹ̀ di tirẹ̀, ọjọ́ orí yòówù kó jẹ́. Òbí tó bá tẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì láago láti béèrè máàkì ọmọ rẹ̀ lè gbọ́ pé kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà.

Nílé wa níbí, girama nínú ọgbà yunifásítì kì í ṣe ohun tuntun. International School ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn láti 1963. Ṣùgbọ́n WAEC àti JAMB ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ṣe bíi ti gbogbo ènìyàn. Wọn kì í jókòó gba kírẹ́díìtì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní 2024, àríyànjiyàn tó wáyé ní Nàìjíríà ni bóyá ọdún 18 tàbí 16 ló yẹ kí ọmọ tó wọ yunifásítì, ìjọba sì padà sí 16. Ọjọ́ orí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ohun tí Queens àti Greensboro fi hàn ni pé ọmọ ọdún 16 lè ṣe iṣẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì bí wọn kò bá dá a fi sílẹ̀: bí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n bá wà nítòsí, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ náà kún un díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí irú ilé ẹ̀kọ́ yìí wà ní àrọ́wọ́tó wọn, kí wọ́n má ṣe tìtorí pé ó jẹ́ ọ̀fẹ́ sáré fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè yunifásítì tí yóò gba kírẹ́díìtì náà, kóòsì mélòó ni ọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tí yóò sáré bá bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí wọ́n sì bi ọmọ náà fúnra rẹ̀ bóyá ó fẹ́ lọ.