Bí A Ti Í Mú Ọmọ Ẹtù Wọ Inú Agbo Àwọn Àgbà

Ẹ̀yin ará wa, a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń sin ẹtù, àwọn ẹlòmíràn sì ń gbèrò láti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ìyìn ẹtù ni a wá sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹyẹ tí ìyìn tọ́ sí. Ẹran rẹ̀ dùn, èèpo ẹyin rẹ̀ le ju ti adìẹ lọ, ara rẹ̀ sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ahunṣọ wa fi orúkọ rẹ̀ pe aṣọ òkè aláró dúdú nì, èyí tí àwọn baba wa kà mọ́ aṣọ ọlá. Ọ̀ràn kan ṣoṣo ni a mú wá síwájú yín: ìdí rẹ̀ tí ọmọ ẹtù tí a ti fi làálàá tọ́ dàgbà fi ń ṣègbé láàrín ọ̀sẹ̀ tí a bá tú u sílẹ̀ sáàrín àwọn àgbà, àti ohun tí a lè ṣe kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí irú àdánù yìí bá dé, àṣá ni à ń dá lẹ́bi, tàbí ẹtà, tàbí ọwọ́ àwọn ọmọ àdúgbò. A kò sọ pé àṣá kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí ó mú ọmọ ẹtù náà dá wà ní ìta gbangba ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ìyókù ti wọ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ ṣọ́ wọn yóò rí i pé àwọn àgbà ti ń lé e kúrò nídìí oúnjẹ láti òwúrọ̀, nígbà tí ilẹ̀ sì ń ṣú, wọ́n tún lé e kúrò ní ibùsùn. Ẹni tí agbo bá ti lé jáde ni àṣá ń rí gbé. Ìyẹ́ tí ó fọ́n ká ni a ń bá nílẹ̀. Ìjà tí ó ṣáájú rẹ̀ ni a kì í bá. Ẹni tí ó bá ní ọmọ ẹtù ogún, tí ó sì pàdánù mẹ́wàá lọ́nà yìí, owó ilé-ìwé ọmọ ni ó lè jẹ́ pé ó ti bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, kì yóò sì mọ ẹni tí ó gbé e.

Kí a tó mọ ìdí ọ̀ràn yìí, ó yẹ kí a wo bí ẹtù ti ń gbé nínú igbó, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti kọ́ ilé fún un. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó yí Ṣakí, Ìgbòho àti Kìṣí ká, ẹtù ìgbẹ́ ṣì wà. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn a máa kó ara wọn jọ ní agbo ńlá, wọn a sì jọ máa rìn lọ sí ibi omi. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, agbo a tú ká, akọ kan a bá abo kan lọ, abo a sì yé ẹyin sínú koríko. Ọjọ́ 26 sí 28 ni yóò fi sàba kí ẹyin tó pa. Akọ kì í fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Òun náà a máa ṣọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí òjò bá dá, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá sì padà sínú agbo, àwọn ọmọ a tẹ̀lé àwọn òbí wọn wọlé. Ọmọ náà kò wọ agbo bí àlejò. Ẹ̀yìn baba àti ìyá rẹ̀ ni ó gbà wọlé, òun àti gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jáde láti inú ẹyin.

Ọ̀nà yìí gan-an ni a ti dí ní àgbàlá wa. Abo ẹtù kì í ṣe ìyá tí ó ní sùúrù. A máa fa ọmọ rẹ̀ gba inú ìrì òwúrọ̀, òtútù a sì pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí èyí ni àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ń kó ẹyin ẹtù sábẹ́ adìẹ, kí ó fi ọjọ́ bí méje kún ọjọ́ 21 tí ó mọ́ ọn lára, tàbí kí wọ́n kó o sínú ẹ̀rọ tí ń pa ẹyin. Ó dára bẹ́ẹ̀, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹtù tí adìẹ pa, adìẹ ni ó mọ̀ ní ìyá. Àwọn ẹtù àgbà kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òbí kan láàrín wọn tí yóò dúró fún un. Ní inú agbo, ẹtù kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tí yóò yà fún àti ẹni tí yóò yà fún òun. Àlejò kò ní ipò kankan, ìjà nìkan ni wọn yóò sì fi wá ipò fún un. Àwọn àgbà wa sọ pé adìẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé tuntun, ẹsẹ̀ kan ni í fi dúró. Ti ọmọ ẹtù burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí a kì í jẹ́ kí ó rí ibi fi ẹsẹ̀ kan náà lélẹ̀.

Iṣẹ́ wa, nígbà náà, ni láti la ọ̀nà mìíràn dípò èyí tí a dí.

Ìkánjú ni ọ̀tá àkọ́kọ́. A kì yóò sọ púpọ̀ lórí títọ́ wọn ní kékeré, nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni: kí ara wọn gbẹ, kí ooru ọ̀sẹ̀ kìíní tó ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí a sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwo omi wọn má jìn, kí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí wọn má baà rì. Ṣùgbọ́n kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ má ṣe dán an wò láti mú wọn wọ agbo. Bí ó bá ṣe tiwa ni, a ó dúró di ọ̀sẹ̀ méjìlá, nígbà tí ìyẹ́ alámì tóótòòtó bá ti rọ́pò ìyẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ọmọdé, tí apá wọn sì lè gbé wọn fò sórí igi bí a bá lé wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé ní ọjà ni a ti rà wọ́n, ọ̀ràn mìíràn ń bẹ níwájú. Kí a kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ibi tí ó jìnnà sí ti àwọn ti ilé, fún ọgbọ̀n ọjọ́, kí a sì máa bọ́ àwọn ti ilé tán kí a tó lọ bọ́ àwọn àlejò, kí ẹsẹ̀ wa má baà gbé àrùn wọlé. Àrùn adìẹ tí à ń pè ní Newcastle, tí a rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1926, tí a sì kọ ìròyìn rẹ̀ láti Ìbàdàn ní ọdún 1953, ṣì wà láàrín wa títí di òní, ẹtù náà sì ń kó o. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ẹ bi dókítà ẹran léèrè.

Nísinsìnyí a dé orí ohun tí ó ṣe pàtàkì jù. Nínú ilé tí àwọn àgbà ń sùn gan-an, ẹ fi àwọ̀n irin gé igun kan sọ́tọ̀, kí ojú àwọ̀n náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí orí ẹtù àgbà kò fi ní gbà á kọjá. Ẹni tí kò ní owó àwọ̀n lè fi ọparun tí a là wẹ́wẹ́ dè é mọ́ra. Ẹ kó gbogbo àwọn ọmọ síbẹ̀ pọ̀, kí wọ́n sì wà níbẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Ẹ gbé àwo oúnjẹ àwọn ọmọ sí ẹ̀bá àwọ̀n nínú, kí ẹ sì gbé ti àwọn àgbà sí ẹ̀bá rẹ̀ lóde, kí wọ́n lè máa jẹun ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn láìjẹ́ pé ẹnìkan lè fọwọ́ kan ẹnìkejì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ àwọn àgbà yóò máa sáré lọ sókè sódò létí àwọ̀n pẹ̀lú ariwo tí gbogbo àdúgbò yóò gbọ́ (ẹ bẹ àwọn aládùúgbò yín ṣáájú), wọn yóò sì máa fi àgógó gún àwọ̀n náà. Ẹ má ṣe kọbi ara sí i. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé àwọn àgbà ń kọjá létí àwọ̀n láìwo ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ máa ka ọjọ́ ìtúsílẹ̀.

Láàrín àkókò yìí, ẹ ka iye akọ tí ó wà nínú agbo, nítorí akọ tí ó pọ̀ jù ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Akọ kan tó fún abo mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ojú kì í tètè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n etí mọ̀ ọ́n: abo lè ké ohùn méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn, a sì tún máa ké ẹyọ kan, akọ kò lè ké ju ẹyọ kan lọ. Ẹ tà lára àwọn akọ tí ó bá ṣẹ́kù.

Ní alẹ́ ni kí ẹ ṣí àwọ̀n, lẹ́yìn tí àwọn àgbà bá ti wọ̀ tán, nítorí ẹtù kì í jà nínú òkùnkùn. Ẹ gbé àwọn ọmọ sórí igi ìwọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Ní òwúrọ̀ wọn yóò jọ jí. Ẹ má ṣe mú ọmọ kan tàbí méjì nìkan wọlé, nítorí gbogbo agbo yóò dojú kọ ẹyọ kan náà. Bí wọ́n bá tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìlù náà a pín, kò sì ní pa ẹnikẹ́ni. Kí àwo oúnjẹ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí wọ́n jìnnà síra, kí ẹni tí a bá lé níhìn-ín lè jẹ lọ́hùn-ún. Ẹ fi pákó kan ti ògiri, kí àwọn ọmọ lè sá gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde ní ìhà kejì. Ẹ sì fi nǹkan dí àwọn igun ilé, nítorí nígbà tí ẹ̀rù bá ba ẹtù, orí ara wọn ni wọ́n ń gùn ní igun, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ a sì kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lù ú.

Nígbà tí ó bá di àtijáde lọ sí pápá, ẹ má ṣe tú gbogbo ọmọ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tú ìdajì, kí ìdajì wà nílé. Ẹtù kì í fẹ́ fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀; igbe àwọn tí ó wà nínú ilé ni yóò máa pe àwọn ti ìta padà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì máa da ọkà bàbà díẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́.

Ìlépa àti ìyẹ́ fífà kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ó dẹ́rù bà yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí ọmọ tí ó ká jọ sí igun tí kò jẹun láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, ẹ dá sí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń yára mú èyí tí a ń lù jáde, kò sì tọ́, bí ọgbẹ́ kò bá sí lára rẹ̀. Nígbà tí ó bá padà dé, àlejò ni ó tún dà. Aṣíwájú ìjà ni kí ẹ mú, kí ẹ kó o sínú àgò ní ibòmíràn fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nígbà tí ó bá padà, òun ni yóò máa wá ipò rẹ̀ kiri.

Ní ti ìgbà tí ó yẹ, àwa fara mọ́ ìparí òjò. Ní àkókò ẹyin, ara akọ a gbóná, a kì í fẹ́ rí ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ abo rẹ̀. Nígbà tí ẹyin bá dínkù, tí koríko bá ń gbẹ, àkókò tí ẹtù ìgbẹ́ ń kó ara wọn jọ ni ti ilé náà ń rọ̀ sí ara wọn. Ọmọ tí a pa ní oṣù Òkúdù yóò ti tó ọ̀sẹ̀ méjìlá ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, kí ó sì tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wà lẹ́yìn àwọ̀n, oṣù Ọ̀wàrà ti dé.

Ẹ ṣọ́ wọn ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá mú tí wọ́n bá ń wẹ nínú erùpẹ̀ lábẹ́ igi. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọmọ bá ṣì ní kòtò erùpẹ̀ tiwọn lọ́tọ̀, ẹ fi àwọ̀n náà sílẹ̀ níbi tí ó wà. Ọjọ́ tí ẹ bá bá àgbà àti ọmọ nínú kòtò kan náà, tí ìyẹ́ wọn kan ara wọn, ẹ lè tú àwọ̀n náà, kí ẹ ká a pamọ́ de àwọn tí òjò tí ń bọ̀ yóò pa.