Òdòdó Gíga Lórí Tábìlì Àsè Ìgbéyàwó: Kí Ó Má Ṣe Gba Ojú Àlejò

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó kan tí mo lọ ní ìlú Ọ̀wọ̀, wọ́n mú ìyá ìyàwó àti ìyá ọkọ jókòó sí ìdí tábìlì kan náà, kí wọ́n lè fojú kan ara wọn dáadáa. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ìyá ìyàwó. Ìdóàní ní agbègbè Ọ̀sẹ́ ni ìyá ọkọ ti wá. Àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé ìkòkò òdòdó kan sí, èyí tí ó ga tó apá àgbàlagbà, tí ewé àti òdòdó rẹ̀ sì kún láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí igbó. Bí ọ̀kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀, a yọ ọrùn sí ọ̀tún. Bí èkejì bá fẹ́ dá a lóhùn, a yọ ọrùn sí òsì. Nígbà tí ó ṣe, ìyá ọkọ dìde, ó gbé òdòdó náà, ó sì fi í sí abẹ́ tábìlì. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí ojú ara wọn, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Owó gọbọi ni ìyá ìyàwó sì ti fi háyà ohun tí ó lo ìyókù ọjọ́ náà ní abẹ́ tábìlì.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, bí kì í bá ṣe ìgbéyàwó tiyín ni ó ń bọ̀, ti àbúrò yín tàbí ti àbúrò ọkọ yín lè wà lọ́nà, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n fi ọ̀ṣọ́ tábìlì lé yín lọ́wọ́. Òdòdó gíga kì í ṣe ohun tí ó burú rárá. Ó máa ń mú kí gbọ̀ngàn ńlá kún, ó máa ń jẹ́ kí tábìlì hàn láti ẹnu ọ̀nà, ó sì ń bu iyì fún àlejò. Ṣùgbọ́n nítorí kí ìdílé méjì lè di ọ̀kan ni a ṣe ń pe àsè. Ọ̀ṣọ́ tí ó bá dí wọn lójú kò ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ gbé e wá. Èyí tí kò ní dí ẹnikẹ́ni lójú, ọwọ́ ara yín lè ṣe é láti inú ohun tí ó wà ní àyíká wa, láìjẹ gbèsè.

ÌWỌ̀N TÍ Ó YẸ

Tábìlì ìjẹun sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 75. Bí àgbàlagbà bá jókòó sí ìdí rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 40 sí 45 sókè tábìlì náà. Nítorí èyí, ọ̀nà méjì péré ni ó wà. Yálà kí òdòdó kúrú, kí ó má ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, kí àwọn àlejò lè máa wo ara wọn láti òkè rẹ̀; tàbí kí ó wà lórí ọ̀pá tín-ín-rín, kí ewé àti òdòdó má sì bẹ̀rẹ̀ títí a ó fi gòkè tó sẹ̀ǹtímítà 65, kí wọ́n lè máa wo ara wọn láti abẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá wà láàárín méjèèjì ni ó ń fa wàhálà.

Ẹ tún rántí gèlè. Gèlè kò yí ibi tí ojú wà padà, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè. Bí tábìlì bá jẹ́ roboto, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, kí orí òdòdó má ṣe fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí ìyá kan bá tẹ̀ síwájú láti bu oúnjẹ, gèlè rẹ̀ kò ní kan ewé. Níwọ̀n ìgbà tí a sì ti mẹ́nu kan gèlè, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí pé lásìkò ọdún Igógo ní oṣù kẹsàn-án, a kì í wé gèlè tàbí dé fìlà ní ìlú Ọ̀wọ̀, a kì í sì í lu ìlù. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní oṣù náà, kí ó kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà.

Ní ti tábìlì tí ọkọ àti ìyàwó jókòó sí, tí wọ́n kọjú sí gbogbo èrò, òdòdó kúkúrú ni ó dára jù níbẹ̀. Ojú wọn ni àwọn ènìyàn wá wò.

BÍ A ṢE Ń ṢE Ọ̀PÁ ÌDÚRÓ

Ohun tí ẹ ó wá fún ọ̀pá kan nìyí: ọparun kan tí ó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé, tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 85, agolo ọ̀dà tí ó gba lítà 2, sìmẹ́ńtì, iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́, ìṣó méjì, igi kékeré kan, àti abọ́ ike tí kò jìn púpọ̀. Ọparun kò wọ́n létí àwọn odò wa.

Èkínní, ẹ gé ọparun náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kí ó lè gbẹ. Ọparun tútù máa ń súnkì bí ó ti ń gbẹ, yóò sì máa mì nínú kọnkéré.

Èkejì, ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ ki ìṣó méjèèjì gba inú ihò náà kọjá, kí orí àti ẹsẹ̀ wọn yọ síta. Àwọn ni kọnkéré yóò dì mú. Ẹ má ṣe fi òòlù kan ìṣó mọ́ ọparun láìkọ́kọ́ lu ihò, nítorí yóò là.

Ẹ̀kẹta, ẹ po sìmẹ́ńtì ìwọ̀n 1, iyanrìn ìwọ̀n 2 àti òkúta wẹ́wẹ́ ìwọ̀n 3 pọ̀ mọ́ omi díẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán pò ó, nítorí sìmẹ́ńtì tútù máa ń jó awọ ara. Ẹ gbé ọparun sí àárín agolo, kí ẹ sì da àpòpọ̀ náà yí i ká títí agolo yóò fi kún. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọparun. Okùn náà ni yóò fi hàn yín bóyá ó dúró ṣánṣán. Ẹ máa wọ́n omi sí kọnkéré náà fún ọjọ́ 3, ẹ má sì lò ó títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi pé. Agolo bẹ́ẹ̀ yóò wúwo tó kílò 4 sí 5.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gbẹ́ igi kékeré náà kí ó bá ihò orí ọparun mu, kí ẹ kì í bọ inú rẹ̀ pinpin, lẹ́yìn náà kí ẹ kan abọ́ ike mọ́ orí igi náà. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sínú abọ́ kí omi má baà máa kán gba ojú ìṣó.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ fi àjákù aṣọ ẹbí tàbí aṣọ funfun wé ọparun àti agolo. Kí ẹ tó gbà pé iṣẹ́ ti parí, ẹ fi ìka kan ti orí rẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá mì tí ó sì padà dúró, ó dára. Bí ó bá ń fẹ́ ṣubú, ẹ lo agolo tí ó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọdé yóò sáré kọjá, àwọn oníjó yóò fara gbá tábìlì. Ohun tí kò bá lè fara da ìka kan kò yẹ ní ibi tí ènìyàn ti ń jẹun.

ORÍ ÒDÒDÓ

Àwọn tí ń ta òdòdó máa ń lo fóòmù aláwọ̀ ewé tí ń fa omi mu. Owó ni, kì í sì í jẹrà bí a bá dà á nù. Èyí tí ó wà lóko wa, tí a ń gé dànù lẹ́yìn tí a bá ti bẹ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 12, ẹ gbé e sínú abọ́, kí ẹ sì fi okùn dì í mọ́ ọn. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì rọ̀ tó láti gún igi ewé sí. Fún òdòdó tí igi rẹ̀ kò le, ẹ kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ tí ó nípọn la ọ̀nà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ. Ẹ gé e ní àná ìgbéyàwó, kí oje rẹ̀ ro tán lóde, ẹ má sì gbé e sún mọ́ aṣọ tábìlì tàbí aṣọ ìyàwó.

Ewé ni kí ó kọ́kọ́ wọlé: imọ̀ ọ̀pẹ kéékèèké, ewé pèrègún, ewé wẹ́wẹ́ tí ń hù lára igi ọ̀pẹ, àti ewé croton aláràbarà tí ó wà ní iwájú ọ̀pọ̀ ilé. Bí àwọn àgbà ilé bá ní àwọn kò fẹ́ pèrègún lórí tábìlì ìgbéyàwó nítorí ipò rẹ̀ nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀, ẹ má ṣe bá wọn jiyàn. Croton nìkan tó. Lẹ́yìn ewé ni kí òdòdó tẹ̀ lé e. Ixora pupa tí ń ṣù jọ bí ìdì dára, heliconia sì máa ń pẹ́ kí ó tó rọ. Hibiscus lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni ó ń lò.

Ìrọ̀lẹ́ tàbí òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ gé òdòdó, kì í ṣe ọ̀sán. Ẹ gé ìdí rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, ẹ já gbogbo ewé tí yóò wọ inú omi, kí ẹ sì fi í sínú garawa omi jíjìn ní ibòji mọ́jú. Ní àsìkò ọyẹ́, ìgbà tí ìgbéyàwó máa ń pọ̀, ẹ fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀ títí di àkókò àsè.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ewé ọgbà kò lọ́lá, ẹ sọ ìtàn Constance Spry fún un. Obìnrin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, a bí i ní 1886, ó sì kú ní 1960. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni kí ó tó di olódòdó. Ó máa ń fi ewé ẹ̀fọ́ àti ewé ẹ̀bá ọ̀nà sáàárín òdòdó olówó iyebíye. Òun náà ni a sì pè láti ṣètò òdòdó nígbà tí a dé ọbabìnrin Elizabeth kejì ládé ní 1953.

OHUN TÍ Ó LÈ PANI LÁRA

Igi òdòdó kan wà tí a máa ń gbìn yí ọgbà ká, òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí iyeyè, ó sì rí bí agogo. Thevetia ni orúkọ rẹ̀. Oje rẹ̀, ewé rẹ̀ àti èso rẹ̀, májèlé ni gbogbo wọn. Kò gbọdọ̀ dé orí tábìlì oúnjẹ rárá, pàápàá níbi tí ọmọdé wà. Bákan náà, ẹ má ṣe tan àbẹ́là sí abẹ́ ewé tí ó ti ń gbẹ.

NÍ TI OWÓ

Bí ẹ bá háyà òdòdó, owó náà lọ láṣàálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tàbí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ bá jókòó pọ̀, kí ẹ ṣe ọ̀pá mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá náà yóò wà fún ìgbéyàwó àbúrò, fún ìkómọjáde, àti fún ọjọ́ ìbí. Aṣọ tí a wé mọ́ ọn nìkan ni yóò máa yí padà. Iye tí ìyàwó tuntun ìbá fi háyà, kí ó fi ra ìkòkò àti abọ́ sínú ilé rẹ̀.

Nígbà tí àsè bá sì parí, ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ dànù. Bí ẹ bá lo pèrègún tí igi rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ẹ gbìn ín sí ilẹ̀ tútù. Yóò ta gbòǹgbò. Mo mọ ilé kan tí pèrègún àsè ìgbéyàwó ti di ọgbà yí ẹ̀yìnkùlé ká. Ìyàwó ilé náà ti di abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ sì máa ń jókòó sí ibòji rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń wo ojú ara wọn sọ̀rọ̀.