Sísọ Maikirofóònù Ọkọ̀ Mọ́ Rédíò Tuntun

Nígbà tí a bá fi rédíò tuntun rọ́pò èyí tí ó bá ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá, ó lè má gbọ́ àṣẹ tí awakọ̀ ń fi ẹnu pa fún un. Ọ̀pọ̀ a ní maikirofóònù ti kú, wọn a sì jù ú nù. Kí ni ó fà á gan-an?

Maikirofóònù tí ó wọ́pọ̀ nínú ọkọ̀ kì í dá ṣiṣẹ́. Rédíò ni ó ń fún un ní iná díẹ̀, orí wáyà tí ohùn ń gbà ni iná náà sì ń gbà. Bí wáyà rẹ̀ bá jẹ́ méjì, ọ̀kan ni ti ohùn, èkejì ni ó ń dá iná padà; bí a bá ṣì wọ́n so, ohùn lè má wọlé. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ó lè ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè nínú, tí yóò fẹ́ iná tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nítorí náà, kí rìwáyà tó gé ohunkóhun, kí ó wo àwòrán wáyà ọkọ̀ náà, kí ó sì fi mítà wọn iná tí rédíò tuntun ń fún maikirofóònù. Iná bátìrì, tí í ṣe fóòtì 12, lè ba maikirofóònù kékeré jẹ́. Kí ó gbé wáyà ohùn jìnnà sí wáyà iná, kí ariwo má baà dà mọ́ ọn.

Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá yọrí, ọwọ́ awakọ̀ yóò wà lórí ìtọ́kọ̀, ojú rẹ̀ yóò sì wà lọ́nà.