Anthem kógbá sílé: Géèmù tí wọ́n fowó rà, tó di àwátì

Bí bàbá kan bá ra ọpọ́n ayò lónìí, ó lè fi ta ayò títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀, kó sì fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Bí agbẹ́gi tó gbẹ́ ọpọ́n náà tilẹ̀ kú, ọpọ́n kò ní tìtorí ìyẹn pòórá nílé ẹni tó rà á. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ eré tí àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n, èyí tí wọ́n ń pè ní géèmù.

Ní ọjọ́ 12, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2026, ni iléeṣẹ́ Electronic Arts ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí EA, pa àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá tó gbé géèmù kan tó ń jẹ́ Anthem ró. Láti ọjọ́ náà, àwọn tó fowó rà á kò lè ṣe é mọ́, títí kan ẹni tí àwo rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí nílé.

Irú eré wo ni Anthem?

Ìtàn àròsọ tó dá lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó ń ṣe géèmù yìí yóò di jagunjagun nínú ayé kan tó kún fún ẹranko abàmì àti ọ̀tá. Aṣọ irin ni jagunjagun náà máa ń wọ̀, aṣọ yìí ló sì fi ń fò bí ẹyẹ àṣá. Oríṣi mẹ́rin ni aṣọ náà. Ranger mọ gbogbo iṣẹ́ níwọ̀n. Colossus wúwo, ó sì le bí ògiri. Storm ń rọ iná, yìnyín àti mànàmáná láti òkè. Interceptor sì yára bí ológbò. Bí aṣọ náà bá fò pẹ́ jù, yóò gbóná, àfi kí ẹni tó wọ̀ ọ́ sọ̀ kalẹ̀ tàbí kó gba abẹ́ ìṣàn omi orí àpáta kọjá kó lè tutù. Bí èèyàn bá sì ṣe ń ja ogun sí i ni agbára àti ohun ìjà rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Èèyàn mẹ́rin ló lè para pọ̀ láti ja ogun Anthem lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan lè wà ní London, èkejì ní Kánádà, kí wọ́n má mọ ojú ara wọn rí, síbẹ̀ kí wọ́n máa gba ara wọn lọ́wọ́ ikú. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń pàdé, kọ̀ǹpútà EA ló sì ń so wọ́n pọ̀. Kódà, ẹni tó bá fẹ́ dá ṣe é kò lè ṣe é láìsí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ náà. Níbẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀

Iléeṣẹ́ BioWare, tó wà nílùú Edmonton lórílẹ̀-èdè Kánádà, ló ṣe Anthem. Àwọn dókítà oníṣègùn ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1995, ó sì gbajúmọ̀ nítorí àwọn géèmù bíi Baldur's Gate tó jáde lọ́dún 1998 àti Mass Effect tó jáde lọ́dún 2007. Ọdún 2007 yẹn kan náà ni EA kéde pé òun fẹ́ ra BioWare.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi Anthem han aráyé ní oṣù kẹfà, ọdún 2017, ńṣe ni ẹnu ya àwọn èèyàn. Ọjọ́ 22, oṣù kejì, ọdún 2019 ló jáde. Àwọn tó rà á gbóríyìn fún bí aṣọ irin náà ṣe ń fò, àmọ́ wọ́n ráhùn pé ó ń pẹ́ kó tó ṣí, pé èrè ojú ogun kéré, àti pé ohun tí èèyàn lè ṣe nínú rẹ̀ kì í pẹ́ tán.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà, akọ̀ròyìn Jason Schreier tú àṣírí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó bá àwọn òṣìṣẹ́ BioWare sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀gá fi ṣiyèméjì lórí irú géèmù tí wọ́n fẹ́ ṣe, pé wọ́n fi fífò sí i, wọ́n yọ ọ́, wọ́n tún dá a padà. Ìgbà tí ọjọ́ ti lọ tán ni wọ́n tó kó iṣẹ́ jọ, tí àárẹ̀ ọkàn sì mú àwọn òṣìṣẹ́ kan. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lọ́dún 2020, BioWare ṣèlérí pé àwọn yóò tún géèmù náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Ní oṣù keje ọdún 2025 ni EA wá kéde ọjọ́ tí wọn yóò pa á pátápátá.

Ta ló ni ohun tí a rà?

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kò mọ̀ ni pé kì í ṣe géèmù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń rà, bí kò ṣe àṣẹ láti lò ó. Ó dà bí ẹni tó háyà yàrá: ó sanwó, ó sùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ onílé ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní ìpínlẹ̀ California, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2025 ti pàṣẹ pé kí àwọn tó ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì la ọ̀rọ̀ náà yé oníbàárà kó tó sanwó.

Kì í ṣe Anthem nìkan. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹta, ọdún 2024, iléeṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé pa géèmù ìwakọ̀ tó ń jẹ́ The Crew, tó jáde lọ́dún 2014. Ìyẹn ló mú kí Ross Scott, ọmọ Amẹ́ríkà kan, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo pé kí wọ́n yéé pa géèmù. Nígbà tó fi di oṣù keje ọdún 2025, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn sí àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù. Wọn kò sọ pé kí iléeṣẹ́ máa tọ́jú géèmù títí láé. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ káńgárá ẹ̀ nílẹ̀, kó fi í sílẹ̀ ní ipò tí ẹni tó rà á yóò ṣì lè máa lò ó.

Àwọn iléeṣẹ́ náà ní tiwọn lẹ́nu. Ẹgbẹ́ wọn ní Yúróòpù sọ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò sọ iṣẹ́ náà di ọ̀wọ́n gógó, àti pé bí géèmù bá bọ́ sọ́wọ́ aládàáni, kò ní sí ẹni tí yóò dáàbò bo àwọn tó ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí géèmù. Lọ́dún 2009, iléeṣẹ́ Amazon yọ ìwé méjì tí George Orwell kọ kúrò nínú ẹ̀rọ ìkàwé àwọn tó ti rà wọ́n. Wọ́n dá owó padà, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ìwé ti lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin àti fíìmù tí èèyàn ń rà sórí fóònù lè rí. Nítorí náà, bí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ bá wá tọrọ owó láti fi ra irú ọjà yìí, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí àgbà bi í kó tó tú àpò: bí ẹni tó tà á bá kógbá sílé lọ́la, kí ni yóò kù lọ́wọ́ ẹni tó rà á?